Ọkọ̀ tó ń pààrọ̀ ọkọ: nọ́ńbà ni kí ẹ kà, kì í ṣe orúkọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn tó ń fi tírélà jẹun láti Ẹyẹnkọ́rìn dé Bódè Sáadù títí lọ dé Jẹ́bà: wọ́n ní Volvo ti di ti àwọn Ṣáínà, pé kí ẹni tó bá fẹ́ ra FH, ìyẹn tírélà Volvo, tètè rà á báyìí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é pè ní irọ́, kò sì ṣe é gbé lé láti fi ra ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè ká tún un ṣe, nítorí pé ẹni tí kò mọ ilé tí ọkọ̀ rẹ̀ wà báyìí, àti ọdún tó wọ ibẹ̀, á kàn máa ra pàátì tí kò ní í wọlé ni.

Volvo méjì ló wà. Èyí tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n tà fún Ford ní 1999, Ford náà sì tà á fún Geely ti ilẹ̀ Ṣáínà ní 2010. Èyí tó ń ṣe tírélà ní Gothenburg, ní Sweden, kò bá wọn lọ. Orúkọ nìkan ni àwọn méjèèjì jọ ń jẹ́. Lóòótọ́, ní òpin 2017, Geely kéde pé òun ń ra ìpín nínú Volvo onítírélà, ìdá 8.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba yàrá kan nínú ilé kọ́ ni onílé.

Owó tí Volvo rí lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yẹn, Scania ló fẹ́ fi rà. Ìjọba ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ̀ fún un ní 2000, wọ́n ní agbára rẹ̀ á pọ̀ jù lọ́jà. Ló bá yíjú sí ẹ̀ka tó ń ṣe ọkọ̀ ńlá ní Renault, ó sì gbà á wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2001. (Renault tó ń ṣe ayọ́kẹ́lẹ́ kò sí nínú rẹ̀; ibi tó wà náà ló ṣì wà.) Mack, tó ń ṣe tírélà ní Amẹ́ríkà, ti wà lọ́wọ́ Renault nígbà náà: ní 1979 ni Renault kọ́kọ́ ra ìpín díẹ̀ nínú rẹ̀, ní 1990 ó ra gbogbo rẹ̀ tán. Nítorí náà, ọjọ́ tí Renault wọ ilé Volvo, ńṣe ló pọn Mack wọlé bí ìyàwó ṣe ń pọn ọmọ àná wọ ilé ọkọ tuntun.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ń ra pàátì Mack. Mack àtijọ́, àwọn CH tí wọ́n ń kó bọ̀ ní tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, E7 ló wà nínú wọn: lítà 12, tọ́ọ̀pù sílíńdà (ìdérí tó bo sílíńdà lókè) méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan bo sílíńdà mẹ́ta, kámúṣáàfù (irin tó ń yí láti ṣí fáàfù) wà nísàlẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù, ọ̀pá ló sì ń ti fáàfù. Láti nǹkan bí 2007, MP7 àti MP8 ló gba ipò rẹ̀. MP8 yìí, D13 ti Volvo ni lábẹ́ awọ. Tọ́ọ̀pù kan gbọọrọ ló bo sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kámúṣáàfù sì wà lókè lórí rẹ̀. E7 àti MP8 kò jọ lo tọ́ọ̀pù, wọn kò jọ lo gásíkẹ́ẹ̀tì, wọn kò jọ lo nósù tó ń fọ́n dísù sínú sílíńdà. Bí ẹ bá wá ránṣẹ́ sí ọjà pé "ẹ bá mi ra tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì Mack", èyí tó ti pẹ́ jù lórí igbá ni òǹtajà máa kọ́kọ́ gbé fún yín. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó pe fóònù. Ẹ ka tọ́ọ̀pù: ṣé méjì ni, àbí ọ̀kan?

Ajá tó wà níwájú Mack pàápàá kò ṣe é fi jẹ́rìí mọ́. Bí ajá náà bá jẹ́ aláwọ̀ wúrà, ó túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì, gíà àti áàsù, Mack ló ni gbogbo wọn. Bí ó bá jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, wọ́n yá ọ̀kan nínú wọn níta nìyẹn. Àmọ́ ọkọ̀ tó ní MP8 náà ń gbé ajá wúrà, torí pé Mack ni wọ́n kọ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. A ò tíì sọ ti àwọn tó ń ra ajá lásán lọ́jà láti wá dè é mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ìgbéyàwó yìí ní àǹfààní tirẹ̀. Volvo, Renault àti Mack ti di orogún mẹ́ta tó ń dáná nínú ilé ìdáná kan. D13 ti Volvo, DXi13 ti Renault àti MP8 ti Mack, mílímítà 131 ni ojú sílíńdà wọn (ìbú ihò rẹ̀), 158 ni ìrìn písítìnì wọn (láti òkè pátápátá dé ìsàlẹ̀), lítà 12.8 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń wá ohun inú ẹ́ńjìnnì DXi13 tí kò rí i lábẹ́ orúkọ Renault, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta Volvo. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ Volvo wò náà ló ń yẹ Renault àti Mack tòde òní wò. Ibi tí ẹ ó ti dúró ni bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Bó tilẹ̀ jọra lójú, ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ bá nọ́ńbà ṣásì ọkọ̀ tirẹ̀ mu ni; ẹ yọ ti Volvo fi sí Renault láìjẹ́ pé ẹnì kan tún un kọ, ọkọ̀ lè má dáhùn rárá. Súńpù àti àwọn irin tó di ẹ́ńjìnnì mú mọ́ ṣásì náà lè yàtọ̀.

Ẹ kíyè sí 131 yẹn o. FH12 àtijọ́ tó ń lo D12, 131 náà ni ojú sílíńdà rẹ̀, ṣùgbọ́n 150 ni ìrìn písítìnì. Ẹni tó bá fi kálípà wọn ojú sílíńdà nìkan, kò ní í mọ ìyàtọ̀ D12 sí D13. Ohun tó máa tú àṣírí ni ibi tí àwọn gíà tó ń yí kámúṣáàfù wà: iwájú ẹ́ńjìnnì ni ti D12, ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fláíwíìlì ni ti D13. DXi12 ti Renault, D12 ni òun náà.

Ká wá sọ ti àwọn ọkọ̀ Ṣáínà gan-an, torí wọ́n ti pọ̀ lójú pópó wa ju bí a ṣe lè kà lọ. Ọ̀pọ̀ ló rò pé Howo àti Shacman kò ní ìdílé. Wọ́n ní in, àwọn bàbá wa sì mọ ìdílé náà dáadáa. Steyr ni, ọmọ ilẹ̀ Austria, tí wọ́n ń tò ní Bauchi láyé ọjọ́sí. Ní àwọn ọdún 1980, Steyr ta àṣẹ fún Ṣáínà láti máa ṣe ọkọ̀ rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì WD615. Nígbà tó di nǹkan bí 1990, ẹ̀ka ọkọ̀ ńlá Steyr fúnra rẹ̀ wọ ilé MAN, orúkọ rẹ̀ sì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní Yúróòpù. Àwọn ọmọ tó bí sí Ṣáínà kò parẹ́ ní tiwọn. Sinotruk, tó ni Howo, àti Weichai jọ wà pọ̀ títí di 2006, kí wọ́n tó pínyà. Shacman bọ́ sábẹ́ Weichai. Oníkálukú gbé WD615 dání lọ: Sinotruk ń bá a lọ lórúkọ WD615 àti D10, Weichai ń pè é ní WP10. Ní 2018, wọ́n tún fi ọ̀gá kan ṣoṣo jẹ lórí Weichai àti Sinotruk.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí ìbátan náà lára fílítà ọ́ọ̀lì. Ẹ mú èyí tí wọ́n ń lò fún Howo, ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀: VG61000070005. Ẹ mú ti Weichai sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 61000070005. Ẹ fi àtàǹpàkò bo VG ti àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà kan náà ló kù. VG ni Sinotruk máa ń kọ síwájú pàátì ẹ́ńjìnnì WD615 tirẹ̀. Pàátì Weichai sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 612 tàbí 615 tàbí 610. WG jẹ́ ti àwọn ohun ara ọkọ̀ Howo tí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, DZ sì jẹ́ ti Shacman. Bí òǹtajà bá ní kò sí ti Howo, tí nọ́ńbà ti Weichai sì bára mu báyìí lẹ́yìn tí ẹ yọ VG kúrò, ẹ rà á kí ẹ máa lọ. Bí nọ́ńbà kò bá bára mu, ẹ má jẹ́ kó fi ẹnu dídùn tà á fún yín.

Ibi tí ọ̀fìn wà ni "126", ìyẹn ojú sílíńdà. Bí ẹ bá sọ pé kíìtì (písítìnì àti láínà rẹ̀) Howo lẹ fẹ́, wọ́n á bi yín pé "àbí 126?" Ẹ ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ sì lẹ sọ, síbẹ̀ ó lè jẹ́ pé ohun tí kò ní í wọlé ni wọ́n máa dì fún yín. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ 126. Howo 371 (agbára ẹṣin rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn) tó ní WD615.47, 126 lójú, ìrìn 130, lítà 9.7. Howo 420 tó ní D12.42 (D12 ti Sinotruk ni, kì í ṣe ti Volvo), 126 lójú, ìrìn 155, lítà 11.6, WP12 ti Weichai náà bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta ni MC13 tó wà nínú Sitrak: 126 lójú, ìrìn 166, lítà 12.4. Èyí kò bá Steyr tan rárá. D26 ti MAN ni, torí MAN ra ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún àti ìpín kan lé nínú Sinotruk ní 2009, ó sì fún wọn ní ìmọ̀ ẹ́ńjìnnì. MC13 kò ṣòro láti dá mọ̀, tọ́ọ̀pù kan ló bo gbogbo sílíńdà rẹ̀, nígbà tí WD615 ní mẹ́fà, sílíńdà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Àwọn tó jọra lójú ni 371 àti 420, torí mẹ́fà mẹ́fà ni tọ́ọ̀pù àwọn méjèèjì. Àwo kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ nù, kí ẹ kà.

Bí àwo náà bá ti já dànù, ìrìn písítìnì ni kí ẹ wọ̀n nígbà tí tọ́ọ̀pù bá ti wà nílẹ̀. Ẹ yí kíráńkì lọ́wọ́ títí písítìnì kìíní á fi dé òkè pátápátá, ẹ wọn jíjìn rẹ̀ sí ojú búlọ́ọ̀kù. Ẹ tún yí i títí tó fi lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ìrìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 130, WD615 tàbí WP10 ni. Bó bá jẹ́ 155, D12 ti Sinotruk tàbí WP12 ni.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé gíga láti ihò píìnì (irin tó gba inú písítìnì kọjá) dé orí písítìnì yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnnì kan sí èkejì, àní kòtò orí písítìnì máa ń yàtọ̀ láàrin ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí tó jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Bí písítìnì bá ga jù, á kan tọ́ọ̀pù tàbí fáàfù ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ sítáàtì rẹ̀. Bí kò bá ga tó, ẹ́ńjìnnì ò ní í fọ́, èyí ló sì ń tan ènìyàn jẹ. Á kàn máa ṣòro láti sítáàtì láàárọ̀, á máa tú èéfín funfun, kò ní í lágbára láti gun òkè pẹ̀lú ẹrù, wọ́n á sì máa dá nósù àti jínpọ́ọ̀ǹpù (pọ́ọ̀ǹpù tó ń ti dísù) lẹ́bi. Kí ẹ tó di gbogbo rẹ̀ pa, ẹ fi písítìnì kan ṣoṣo sí i, ẹ gbé e dé òkè, ẹ fi irin tó gún régé dábùú ojú búlọ́ọ̀kù, kí ẹ fi fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wò ó bóyá ó yọ tàbí ó rì. Ẹ fi ohun tí ẹ bá rí wé ti písítìnì tí ẹ yọ kúrò. Wákàtí kan ni iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí ẹ bá tún un tò, àlàfo fáàfù WD615 jẹ́ 0.30 mílímítà fún èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.40 fún èyí tó ń tú èéfín, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tútù. Bí iná sì ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn nínú sílíńdà ni 1-5-3-6-2-4. Ẹ má ṣe gbé 0.30 àti 0.40 yìí lọ sórí MC13.

Ti DAF rọrùn díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kú ní February 1993, nígbà tó ṣì wà pẹ̀lú Leyland tí gbèsè sì mù ú dé ọrùn. Wọ́n dá DAF tuntun sílẹ̀ ní Eindhoven, PACCAR ti Amẹ́ríkà sì ṣú u lópó ní 1996. Ilé tó ni Kenworth àti Peterbilt ni PACCAR. DAF ṣì ń ṣe ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kí pàátì rẹ̀ dàrú bíi ti Mack. Ohun tí ẹ ó ṣọ́ ni 130: XE tó wà nínú 95XF jẹ́ 130 lójú, ìrìn 158, lítà 12.6, MX tó wà nínú XF105 jẹ́ 130 lójú, ìrìn 162, lítà 12.9.

MAN àti Scania, orogún tí kò jọ jẹun láti inú ìkòkò kan ni wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Volkswagen gba agbára lórí Scania ní 2008, ó gba ti MAN ní 2011, ó wá kó wọn sábẹ́ orúkọ TRATON ní 2018, ó sì fi International ti Amẹ́ríkà kún un ní 2021. Síbẹ̀, pàátì ẹ́ńjìnnì TGA tàbí TGX ti MAN tó wà lójú títì wa kò wọ Scania rárá, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n wò sì yàtọ̀. Ó di 2024 kí MAN tó gbé D30 jáde, tó jẹ́ pé ara ẹ́ńjìnnì Scania ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ wo ọdún tó wà láàrin 2011 sí 2024. Ti Mack, láti 2001 sí nǹkan bí 2007 ni. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ilé-iṣẹ́ kan ra èkejì, ẹ má ṣe sáré ta ọkọ̀ yín. Tata ti ilẹ̀ Íńdíà kéde ní July 2025 pé òun fẹ́ ra Iveco. Kò sí ohun tí ìyẹn yí padà lára Iveco tó wà nínú ọgbà yín lónìí. Bákan náà ni UD, ọkọ̀ ńlá ti Japan, tí Volvo tà fún Isuzu ní 2021: UD tó jáde ṣáájú ìgbà náà, pàátì tó ń lò tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń lò.

Tata tilẹ̀ ní ìbátan mìíràn tí àwọn onítípà 911 ti Mercedes máa fẹ́ràn. Láti 1954 sí 1969, Tata àti Mercedes jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Íńdíà. Èyí ló fà á tí ẹ́ńjìnnì Tata 697 fi ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú OM352 tó wà nínú 911: 97 lójú, ìrìn 128, lítà 5.7 tó dín díẹ̀. Ìwọ̀n bára mu, ṣùgbọ́n ẹ fi písítìnì tuntun dúró ti àtijọ́ lórí tábìlì, kí ẹ wo gíga píìnì àti kòtò orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì yín bá ní tọ́bò.

Ti àwọn tó ti kú, bí ERF tó lọ sọ́dọ̀ MAN àti Foden tó lọ sọ́dọ̀ PACCAR, ẹ má fi orúkọ òkú wá pàátì ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì: nínú púpọ̀ wọn, Cummins tàbí Caterpillar ni, lórúkọ yẹn lẹ ó sì rí i rà.

Ó ku nọ́ńbà ṣásì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni, ẹ ó sábà bá a lára irin ṣásì ní apá ọ̀tún, nítòsí táyà iwájú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ ilé tí wọ́n ti bí i. YV2 ni Volvo láti Sweden, VF6 ni Renault, 1M1 tàbí 1M2 ni Mack, XLR ni DAF, WMA ni MAN, YS2 ni Scania, WDB ni Mercedes, ZCF ni Iveco, LZZ ni Sinotruk, LZG ni Shacman. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ti ìkẹwàá ń sọ ọdún: 1 ni 2001, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 9 tó jẹ́ 2009, A sì ni 2010. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ Yúróòpù ló ń tẹ̀ lé ìyẹn, ẹ má fi ka ọdún wọn. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú nọ́ńbà yìí rárá. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn lára ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹnì kan ló jókòó gbẹ́ ẹ. Àmọ́ ṣásì ń sọ ti ọkọ̀ ni, kò sọ ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n lè ti pààrọ̀ nígbà mẹ́ta kó tó dé Ìlọrin. Nítorí náà, nọ́ńbà mẹ́ta ni kí awakọ̀ yà ní fọ́tò kó tó ránṣẹ́ sí ọjà: ti ṣásì, ti àwo ẹ́ńjìnnì, àti èyí tí wọ́n tẹ̀ sára pàátì tó bàjẹ́ náà gan-an.

Olóòtú, bí àyè bá wà, ẹ bá wa tẹ àwọn lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta yẹn gàdàgbà-gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí awakọ̀ lè gé e lẹ̀ mọ́ inú kábíìnì.

Àwa tó ń tún ọkọ̀ ńlá ṣe,
Ẹyẹnkọ́rìn, Ìlọrin.